Bonding Linux nínú VM: link ní òun wà, dátà ò sì kọjá

Lórí server gidi, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá bonding Linux rò, ìyẹn síso káàdì network méjì pọ̀ bí ọ̀kan (bond). Wáyà méjì, switch méjì, active-backup (ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró dè é), miimon=100 (kí bond máa yẹ link wò ní mílísẹ́kọ́ńdì 100 kọ̀ọ̀kan): ẹ fa wáyà kan yọ, èkejì á ti gbaṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Inú VM, kọ̀ǹpútà tí software dá sínú server gidi (host), ni wàhálà wà.

Lórí KVM tiwa, software Linux tó ń gbé VM ró, VM tó gbé dátábéèsì ní káàdì virtio (káàdì network inú software) méjì, ens3 àti ens4. Ens3 wọ br0, ens4 wọ br1; bridge ni méjèèjì, ìyẹn switch inú software lórí host, bridge kọ̀ọ̀kan sì ní wáyà tirẹ̀ lọ sí switch ọ̀tọ̀. Wọ́n mú iná lọ, UPS tó gbé switch àkọ́kọ́ ró kú, kò sì sẹ́ni tó rí dátábéèsì mọ́. Mo gba console wọlé, mo ṣí /proc/net/bonding/bond0, fáìlì tí bond ti ń ròyìn ara rẹ̀. Ens3 ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, MII Status: up. Ethtool, irinṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, náà ní Link detected: yes. Wọn ò kúkú purọ́ o! Ojú VM ò kọjá okùn tó so ó mọ́ bridge inú host, okùn yẹn ò sì já. Ẹ̀yìn bridge ni wáyà tó kú wà, kò sì sẹ́ni tó ròyìn rẹ̀ fún VM.

Ìdánwò gan-an ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ fi àṣẹ virsh domif-setlink pa ens3 láti orí host, bond á sún sí ens4 lójú ẹsẹ̀, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Káàdì VM fúnra rẹ̀ ni àṣẹ yẹn pa, wáyà ìta ò mọ nǹkan kan. Ẹ lọ fọwọ́ fa wáyà yọ nídìí switch.

Oògùn wà níbẹ̀ ṣá. Arp_interval=1000 pẹ̀lú arp_ip_target á máa fi ìbéèrè ARP bi gateway (ẹnu ọ̀nà network síta) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan bóyá ó wà. Àmọ́ tí ẹ ò bá fi arp_validate=all kún un, ohunkóhun tó bá ṣáà ti wọlé ni bond á kà sí ẹ̀rí pé ọ̀nà dára. Broadcast (ìkéde sí gbogbo ẹ̀rọ) àwọn VM yòókù lórí br0 nìkan tó láti mú kí ens3 dà bí alààyè nígbà tí switch ti kú pátápátá. Ẹ fún arp_ip_target ní àdírẹ́ẹ̀sì méjì, kí títún gateway tàn má baà dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń lo 802.3ad (oríṣi bond tí switch náà ń bá lọ́wọ́ sí, LACP), ọ̀nà yìí ò sí fún un.

Ti SR-IOV, tó ń pín káàdì gidi kan sí ọ̀pọ̀ fún àwọn VM, yàtọ̀, torí VF (ìpín tó kan VM) lè tẹ̀ lé link káàdì gidi bí ẹ bá fi state rẹ̀ sí auto. Bó bá wà ní enable, up ni yóò máa sọ títí ayé. Ẹ fi fail_over_mac=active sí i pẹ̀lú, torí host kì í sábà gbà kí VM pààrọ̀ MAC (àdírẹ́ẹ̀sì káàdì).

Lọ́dọ̀ tèmi, bonding gba máàkì 4 nínú 5 lórí host, 2 péré nínú VM tó ń lo virtio. A ti kó tiwa sórí host: bond kan, bridge kan, káàdì kan fún VM kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń lo SR-IOV nìkan ló ṣì ní bond nínú.