Ẹ mú òòfà dání kẹ́ ẹ tó ra irin "sustain"

Ẹ̀yin onígìtá ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Strat (gìtá Stratocaster ti Fender) tàbí ohun tó jọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa fi sustain, ìyẹn kí ohùn pẹ́ kó tó kú, kún gìtá yín. ₦65,000 tèmi ti wọgbó.

Gìtá mi kì í jẹ́ kí ohùn pẹ́. Mo bá ta okùn kẹta ní fret kejìlá (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), á dún "tìn", á kú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kíbọ́ọ̀dù máa ń bò mí láṣìírí. Lóde àríyá jùjú ńkọ́, níbi tí gìtá ti ń bá gángan fèsì? Ojú tì mí níjọ́ kan, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Mushin.

Ọmọkùnrin ibẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. "Bọ̀dá mi, block yín ni ò dáa. Zinc ni. Irin gidi lẹ nílò, mo sì ní èyí tó ti Amẹ́ríkà wá." Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ibẹ̀ ló ti mú mi. Block ni kùǹdù tó wà lábẹ́ bridge (ibi tí okùn jókòó lé lára gìtá), tí okùn ń gba inú ẹ̀ kọjá. Irin ni ti Stratocaster tí Fender kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1954. Zinc ló pọ̀ jù lára àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú.

Ó gbé gìtá wọ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tó gbé e jáde, ó so ó mọ́ amp, ó ta á. Ohùn náà fà bí ẹkún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Mo sanwó, mo tún fún un lówó omi. Ọ̀dẹ̀ ni mí!

Mo délé, mo so ó mọ́ amp tèmi. "Tìn." Ó tiẹ̀ ti burú sí i: okùn tó nípọn jù wá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò wa tó ti ń tún gìtá ṣe tipẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Ta ló gbé pickup sókè tó báyìí?" Pickup ló ń gbé ohùn okùn lọ sí amp, òòfà ló sì wà nínú ẹ̀. Tó bá sún mọ́ okùn jù, á máa fà á, kò ní jẹ́ kó gbọ̀n bó ṣe yẹ. Ọmọkùnrin yẹn ló gbé e sókè kó lè dún kíkankíkan létí mi. Drive àti compressor, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ohùn pẹ́, tó so mọ́ amp ẹ̀ ló sì ń fa ohùn, kì í ṣe gìtá. Ẹ so ilẹ̀kùn mọ́ compressor, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Bàbá tẹ okùn mọ́ fret tó kẹ́yìn, wọ́n rọ pickup wálẹ̀ títí àlàfo fi tó mìlímítà 2 lábẹ́ okùn tó nípọn jù, 1.6 lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù. Wọ́n fún screw mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di ọrùn gìtá mú, wọ́n pàrọ̀ okùn mi tó ti dípẹtà. "Ó yá, ta á." Mo kà dé mọ́kànlá kó tó kú. ₦8,000 ni wọ́n gbà, pẹ̀lú owó okùn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ẹ̀yìn gìtá, wọ́n fi òòfà kan block tuntun mi. Ó jábọ́. Òòfà máa ń mú irin, kì í mú zinc. Ibì kan ṣoṣo ló ti mú: ihò tí apá bridge (ọ̀pá tí wọ́n fi ń mi ohùn) kán sí lọ́dún tó kọjá, tí mi ò rí yọ. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Block àtijọ́ mi ni. Ó kàn kùn ún lọ́dà fàdákà ni.

Torí náà, ẹ dúró tì wọ́n tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹ gba èyí tí wọ́n bá yọ. Ẹ ta gìtá láì so ó mọ́ nǹkan kan, kẹ́ ẹ fi etí ti igi ẹ̀. Tí wọ́n bá ní idẹ ni, òòfà ò ní mú un lóòótọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á díẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá yẹ́lò ló máa yọ.

Mo padà lọ. Ó ní òun ò rí mi rí. Gìtá ẹlòmíì ló wà lórí tábìlì ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ wà ní ṣíṣí, drive sì ń tan iná pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ amp.