Labyrinth, Magic Maze àbí Magic Labyrinth: èwo gan-an ni kí ẹ rà?

Orúkọ géèmù mẹ́ta yìí jọra débi pé èèyàn lè ra ọ̀kan kó rò pé èkejì lòun rà, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá tẹ́ ẹ bá tẹ́ wọn sórí tábìlì. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé ta ló ń la ọ̀nà tó lọ́ pọ̀ tó wà nínú géèmù náà, ìgbà wo ló sì ń là á.

Labyrinth ni bàbá wọn. Max J. Kobbert ló ṣe é, Ravensburger gbé e jáde ní Jámánì lọ́dún 1986. Ojú 49 ló wà lórí bọ́ọ̀dù, 16 ò ṣe é mì, 33 tó kù jẹ́ páálí tí wọ́n ya ọ̀nà sí tó ń sún kiri, páálí kan tún ṣẹ́ kù síta, òun lẹ ó tì wọlé látẹ̀gbẹ́ tó bá ti kàn yín, gbogbo ìlà yẹn á sún, ti ìpẹ̀kun á já bọ́, ọ̀nà tẹ́ni kan ti ń fojú ṣọ́ á sì di ògiri wàì! Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ ò sì lè ti páálí náà padà síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde. Àléébù ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá pé mẹ́rin, kó tó tún kàn yín, gbogbo ètò yín ti dàrú.

Magic Maze ti Kasper Lapp (2017) yàtọ̀ pátápátá. Akọni mẹ́rin fẹ́ lọ jí idà, ọrun, àáké àti oògùn nínú ilé ìtajà ńlá kan, kí wọ́n sì sá jáde, ẹ jọ ń ṣe é ni, kò sẹ́ni tó ní ọmọ ayò tiẹ̀, ìwọ lè ti ẹnikẹ́ni sápá òsì nìkan, ẹlòmíì sókè nìkan, aago iyanrìn ìṣẹ́jú 3 sì ń dà lọ, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀! Ọmọ ayò pupa kan tí wọ́n figi ṣe ló wà tẹ́ ẹ lè gbé ka iwájú ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni 1 sí 8 lè ta á. Ẹni tí àyà ẹ̀ máa ń tètè já kó má rà á o.

Magic Labyrinth ti Dirk Baumann, tọmọdé ni, ó gba Kinderspiel des Jahres, ìyẹn ẹ̀bùn géèmù ọmọdé tó dára jù lọ́dún ní Jámánì, lọ́dún 2009. Abẹ́ bọ́ọ̀dù ni wọ́n to ògiri sí, mágínẹ́ẹ̀tì ló di bọ́ọ̀lù irin mú lábẹ́ ọmọ ayò, tó bá fi lè kọ lu ògiri, bọ́ọ̀lù á já, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún 6 tó ń rántí nǹkan dáadáa lè na àgbà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọmọdé àtàgbà ló fẹ́ jọ máa ta á, Labyrinth ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá sì jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ ka páálí tó ń sún kó pé 34 àti káàdì ìṣúra (èyí tó ń sọ ohun tẹ́ ẹ máa wá lórí bọ́ọ̀dù) kó pé 24 kẹ́ ẹ tó sanwó, torí tí páálí kan bá sọnù, ìlà kan ò ní kún mọ́.