Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ọmọ ajá lójú títì l'Ékòó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.

Ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí oníbàárà dé ilé tó ti ń sin ajá, ojú títì ló ti ń gbé wọn pàdé èèyàn. Ọmọ Rottweiler tí àbúrò mi rà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ta kébékébé lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti ń bì. Ó bi oúnjẹ, ó bi omi, nígbà tó yá òróòro ló ń bì. A pe ọ̀gbẹ́ni. Ó ní oúnjẹ tá a pààrọ̀ ni, ká fún un lóògùn aràn, àti pé òun lè rán "dókítà" òun wá, owó abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀.

Ẹ má gbà fún un. Lóòótọ́, aràn máa ń mú ọmọ ajá bì, ẹ sì lè rí i nínú èébì, funfun, gígùn bíi supagẹ́tì. Tó bá jẹ́ egungun tàbí ìbọ̀sẹ̀ ló gbé mì, X-ray lè fi hàn. Àwọn kan wà tí kì í tiẹ̀ ṣe pé wọ́n ń bì: oúnjẹ kàn ń tú jáde lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé ikùn fà, torí ọ̀nà ọ̀fun wọn fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó ń bì, tí kò jẹun, tó tún ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, parvo, àrùn kan tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà sínú ìfun ajá, ni kí dókítà ẹran kọ́kọ́ wò. Wọ́n á fi òwú nu ìdí rẹ̀, wọ́n á kán an sórí páálí àyẹ̀wò, èsì á jáde kíá. Bó bá ní kò sí, tí ajá ṣì ń bì, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó máa ń tàsé.

Tiwa, parvo ni. Dókítà gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ hàn wá: wọ́n ti fá irun ibì kan, ojú abẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fa omi sí i lára kó tó dọ́wọ́ wa. Ẹni tó tà á mọ̀. Ọjọ́ 3 sí 7 ni àìsàn yẹn sábà máa ń fi sápamọ́ sára kó tó fojú hàn, ẹ bá wa ṣírò ibi tó ti kó o. Kò yè é. Ọ̀gbẹ́ni kò dá kọ́bọ̀ padà, ó sì ti ti nọ́ńbà wa pa.

Ẹ yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wò dáadáa. Bíró kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo ọjọ́ tó wà lórí tiwa, kò sí sítíkà tí wọ́n ń ṣí lára ìgò abẹ́rẹ́, kò sí òǹtẹ̀ dókítà. Tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló sì máa ń wà láàárín èyí tó kàn, títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀dọ̀ dókítà tí ẹ̀yin fúnra yín mú ni kẹ́ ẹ ti pàdé, kẹ́ ẹ sanwó níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí, kó má tíì gbé ọmọ ajá míì wọlé: kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ọṣẹ lásán kò ràn án, blíìṣì ni kẹ́ ẹ pò mọ́ omi.

Lánàá ó tún gbé àwòrán tuntun síta. Ọjọ́ orí tó kọ: ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Abẹ́rẹ́ tó ní wọ́n ti gbà: mẹ́ta.