SALSA ti Onsala: Awò-awọ̀nàjíjìn Onírédíò Tí Kíláàsì Abẹ́òkúta Lè Darí

Nínú gbogbo ohun èlò tí mo ti fi kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Abẹ́òkúta, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún tó SALSA, ìyẹn àwọn awò-awọ̀nàjíjìn onírédíò kékeré tí ibùdó ìwádìí Onsala ní orílẹ̀-èdè Swídìn gbé kalẹ̀ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè máa darí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1949 ni wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀ ní ìhà gúúsù ìlú Gothenburg, Yunifásítì Chalmers ló sì ń bójú tó o. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò forúkọ sílẹ̀, yóò mú àkókò tó bá a lára mu, bí àkókò náà bá sì tó, àṣẹ awò náà bọ́ sí i lọ́wọ́.

Díìṣì rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.3. Ó tóbi ju àwọn díìṣì tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí òrùlé Ìbarà àti Òkè-Ìlẹ̀wó lọ, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò mítà 20 àti mítà 25 tí àwọn onímọ̀ ń fi ṣe ìwádìí nínú ọgbà kan náà. Bó ti kéré tó yẹn, ó ń gbọ́ gáàsì háídrójìn tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Prótọ́ọ̀nù kan àti ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù kan ló wà nínú átọ̀mù háídrójìn. Bí ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù náà bá yí apá tó kọjú sí padà, átọ̀mù náà á tú ìgbì rédíò tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 21 jáde, lórí 1420.4 MHz. Átọ̀mù kan ṣoṣo lè dúró fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 11 kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ gáàsì náà pọ̀ lójú ọ̀run débi pé ìgbì rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Van de Hulst, ará Nẹ́dálándì, ló kọ́kọ́ sọ tẹ́lẹ̀ ní 1944 pé a lè gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Ewen àti Purcell, gbọ́ ọ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní 1951. Ìkùukùu kò lè dí i, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò sì lè bò ó, nítorí náà kíláàsì ọ̀sán gangan lè lo awò yìí.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí jù ni gíráàfù tó ń gbé jáde, èyí tó ń fi bí ìgbì náà ṣe lágbára tó lórí MHz kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ẹ bá kọ awò náà sí ipò digírì 80 lórí ìlà Milky Way, ìyẹn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, tí a bá kà á láti àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé ṣóńṣó tó yọ lórí gíráàfù lè ju ẹyọ kan lọ. Apá ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà lẹ́yìn wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyára tirẹ̀. Gáàsì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń sún ṣóńṣó rẹ̀ síhà MHz tó ga jù, èyí tó ń lọ máa ń sún un síhà MHz tó kéré jù, nǹkan bíi 4.7 kHz fún kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti inú èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè ṣírò bí gáàsì ṣe ń yára yí àárín Milky Way po, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí i pé ìyára náà kì í já wálẹ̀ bí ti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí oòrùn. Ó wà lára ẹ̀rí tó mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé ohun kan tí a kò lè rí wà níbẹ̀ tó ń fa gáàsì náà. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí kò tún ní há a sórí bí àkọ́sórí ìdánwò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí àwòrán. Ibi tí awò náà ń wò lẹ́ẹ̀kan fẹ̀ tó digírì 6, ìyẹn òṣùpá méjìlá tí a tò síra wọn, nítorí náà olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé gíráàfù ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kọ̀ǹpútà kún, kí ẹ sì ní nẹ́tíwọ̀kì kejì nílẹ̀. Ní ti aago, láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà títí di ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, tiwọn àti tiwa bára mu. Ní ìyókù ọdún, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa.

Àléébù kan ṣoṣo tó ká mi lára kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ṣe é. Onsala wà ní digírì 57 sí àríwá, nítorí náà àárín gbùngbùn Milky Way kì í gòkè ju digírì 4 lọ lójú ọ̀run wọn, awò náà kò sì lè rí i dáadáa. Lókè Ọlúmọ níhìn-ín, àárín yìí kan náà ń gòkè dé nǹkan bíi digírì 54, kò sì sí apá kan lára ìlà Milky Way tí kì í yọ sí wa láàárín ọjọ́ kan. Irú díìṣì bẹ́ẹ̀ kan ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, yóò gbọ́ ohun tí SALSA kò lè gbọ́ láéláé. Òfin àgbáyé tilẹ̀ ti ya 1400 sí 1427 MHz sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, kò sì sí iléeṣẹ́ rédíò tàbí ti fóònù tó láṣẹ láti gbé ìgbì jáde níbẹ̀. Mo ń fi tọkàntọkàn bẹ àwọn tó ní agbára pé kí wọ́n ro ó wò. Ní báyìí ná, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú àkókò ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí ipò digírì 80 yẹn máa ń ga gan-an lójú ọ̀run Onsala.