Ẹ̀kọ́ Bọ́ọ̀lù Ọjọ́ Sátidé fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Àkúrẹ́

Ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Alágbàká, èyí tí ọmọ mi ń lọ, tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, pàápàá nítorí obìnrin tó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Kì í jókòó sábẹ́ igi máa fun fèrè. Á dá eré dúró, á di ọmọ náà léjìká mú, á yí i síbi tó yẹ kó kọjú sí kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì ní kí wọ́n tún un gbá títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó fi ń ṣe àwòkọ́ṣe ni Anson Dorrance, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Yunifásítì North Carolina ní 1979, tó gba ife-ẹ̀yẹ 21 nínú NCAA, ìyẹn ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kó tó fẹ̀yìntì ní 2024, tó sì kó àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lọ gba Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní Ṣáínà ní 1991, níbi tí Super Falcons tiwa náà ti kópa. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọdún gbọọrọ, ó sì dùn mí pé a kì í sábà ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa.

Owó ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù náà kò gara. Ohun tó ká mi lára ni pé kò sí yàrá tí àwọn ọmọ lè ti pààrọ̀ aṣọ, inú mọ́tò àwọn òbí ni wọ́n ti ń ṣe é, èyí kò sì yẹ ọmọbìnrin. Kí àwọn alábòójútó tètè wá nǹkan ṣe sí i.