Rọ́bà abẹ́ lọ́rì wa, àti ṣọ́ọ̀bù tó rí i l'Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọṣẹ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ló rí ohun tó ń ṣe lọ́rì mi, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Mercedes 911 ni lọ́rì náà. Ọkọ mi ló rà á kí ó tó di olóògbé, òun la fi ń kó pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ti dúró lójú kan mọ́. Tó bá ń sáré lójú ọ̀nà, ẹ ò ní fura. Àmọ́ kí dẹ́rẹ́bà yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù báyìí, ohùn rẹ̀ á ròkè, á já wálẹ̀, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n, nígbà mìíràn á kú pátápátá. Ibi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ tú pọ́ǹpù tó ń ti dísù sínú ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pààrọ̀ nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fọ́n dísù náà. ₦310,000 bá a lọ. Gbígbọ̀n náà kò dín.

Nígbà tí a wá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù yìí l'Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀gá ibẹ̀ fetí sí i fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Mọ́mì, pọ́ǹpù ni. A máa yọ ọ́." Àyà mi já. Mo ní wọ́n ti tú u lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àwọn tó tú u kò mọ̀ ọ́n tú. Ó kọ iye owó sílẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà lọ wo ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Bó ṣe lọ tán ni ọmọ náà sún mọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan ká tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù." Ó ní kí dẹ́rẹ́bà tan ọkọ̀. Ó fi súpánà dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù kìíní díẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnì lọ sílẹ̀. Ó dè é padà, ó bọ́ sí èkejì, títí dé ẹ̀kẹfà. Ohùn lọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ni pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Ó wá fi rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí dísù ń gbà wọ fíìdì pọ́ǹpù, ìyẹn pọ́ǹpù kékeré tó ń fa dísù láti táǹkì, ó pè mí kí n wá wò ó. Afẹ́fẹ́ ń bá dísù wọlé, ó ń hó bí omi ọṣẹ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì dísù tó mọ́ wá, ó ti rọ́bà bọ̀ ọ́, kò lo táǹkì rárá.

Kò pẹ́, ẹ́ńjìnì náà rọlẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé mọ́gàádì, kò gbọ̀n. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ náà láti ìgbà tí bàálé mi ti lọ. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò sì tijú.

Abẹ́ ṣáàsí ni àrùn náà wà: rọ́bà tó ti táǹkì wá ti sán lábẹ́ kílíìpù, níbi tó ti ń ha irin. Mo bi í pé kí ló dé tí dísù kò fi kán sílẹ̀ rí. Ó ní fíìdì pọ́ǹpù ló ń fa dísù láti táǹkì, nítorí náà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ibi tó sán kì í tu dísù síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé. Tí a kò bá sì tẹ tọ́tù, dísù tí ẹ́ńjìnì ń mu kéré gan-an, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti dà á láàmú. Rọ́bà tuntun, kílíìpù méjì àti wáṣà bàbà: ₦9,500.

Ọ̀gá dé. Ìwé owó tó fún mi, ₦85,000, "yíyọ pọ́ǹpù" wà nínú rẹ̀! Pọ́ǹpù tí ẹnikẹ́ni kò yọ. Mo ní kí ó wá fi ibi tí wọ́n ti tú u hàn mí. Ó ní, "Mọ́mì, ọpọlọ lẹ sanwó fún." Mo gbà pé ọpọlọ níye lórí, ṣùgbọ́n ọpọlọ ta ni? Kí ó kọ ọpọlọ sí ìwé nígbà náà, kí ó má kọ pọ́ǹpù. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó gba ₦40,000. Kò sọ "o ṣeun" fún ọmọ náà lójú mi. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fún un ní ₦10,000.

A dé ìlú Òru lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkọ̀ kú nínú òjò: wọn kò de pọ́ǹpù ọwọ́, èyí tí a fi ń fi ọwọ́ fa dísù, dáadáa. Ọmọ yẹn kan náà ló gun ọ̀kadà wá bá wa, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ó dè é, kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje rèé, lọ́rì kò gbọ̀n mọ́.

Máàkì: 2 nínú 5. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mò ń gbé lọ́rì kejì lọ síbẹ̀.