Ògiri tó ń dún bí igbá òfìfo

Mo fẹ́ wó ògiri kan nínú ilé mi, mo sì pe ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan kí wọ́n kọ́kọ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo fi dúró de ẹnjiníà wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe ọ́fíìsì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ń sọ pé, "Wọ́n ti wà lọ́nà, sà." Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, kò gbé e mọ́.

Bírikìlà mi ti gbé òòlù dání. Ó ti fi ìka kan ògiri àárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, ó dún bí igbá òfìfo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ògiri ìdábùú lásán nìyí, ẹ jẹ́ n wó o, ká ráyè ṣe nǹkan mìíràn." Díẹ̀ ló kù kí n gbà fún un.

Ẹnjiníà wọlé, ó kùn "ẹ má bínú" sí imú, kò tilẹ̀ wo ògiri. Àkàbà ló bèèrè. Inú mi ti ń hó. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wọ òkè àjà, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ gòkè wá wò ó, sà."

Mo gòkè. Àwọn igi àjà tó ti iwájú ilé wá, orí ògiri yẹn ni wọ́n parí sí. Àwọn tó ti ẹ̀yìn wá, ibẹ̀ náà ni. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, wọ́n kan wọ́n ní ìṣó pọ̀. Kò sí ẹyọ igi kan tó ti iwájú dé ẹ̀yìn láìjá. Ògiri tí a fẹ́ wó yẹn ló gbé gbogbo wọn ró. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n lórí àkàbà.

Ìbínú mi fò lọ. Ọkùnrin náà wá dára lójú mi! Ó ní ìró kò sọ nǹkan kan: ògiri tí wọ́n fi igi kọ́, tí wọ́n fi pákó bò, á máa dún bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ gbé ilé ró. Ká ní igi àjà bá ògiri rìn lọ́nà kan náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, síbẹ̀ òun á ṣì yẹ ìpìlẹ̀ wò. Ó ní a lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ fi òpó ti àjà ró ní ìhà méjèèjì, torí ìhà méjèèjì ni igi ti wá, ká tó gbé bíìmù sí i, ìyẹn ọ̀pá ìdábùú ńlá tó máa gbé àjà dípò ògiri, kí òpó tó gbé bíìmù náà ní orí méjèèjì sì dé ìpìlẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ní ọjọ́ méjì, ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà. Nígbà tó dé, yàrá ìsùn ni wọ́n yà sí ibi ilé ìdáná! Ọmọbìnrin yẹn ní "àṣìṣe títẹ̀ ni, sà."

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ẹnjiníà ló ni méjèèjì. Tí a bá fẹ́ gbé bíìmù, òun náà ni màá pè, nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an.